Bí Mo Ṣe Túmọ̀ Ará Japan fún Ilé Wa

Ọmọkùnrin tí irun bò lójú yẹn kò mọ eré ṣe. Mo ti wí i, mi ò sì ní yí i padà. Ìbùkún, ọmọ-ọmọ mi tó ni fóònù, sọ pé òun ni gbogbo ọmọdé ayé ń fẹ́ báyìí, pé tó bá rẹ́rìn-ín lásán, àwọn ọmọbìnrin a máa dákú ní Japan lọ́hùn-ún. Mo ní kí wọ́n máa dákú lọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kú nínú eré, tó wá ń sunkún tí imú rẹ̀ kò ṣàn, ṣé ẹkún nìyẹn? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sun tèmi tán ni, mo mọ bí imú ṣe ń ṣe. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ọmọ kúkúrú tó ń ṣe ọmọ oníbúrẹ́dì, tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Tí inú bá ń bí ọmọ náà, kò ní pariwo, yóò kàn máa po ìyẹ̀fun ni, ìwọ tó ń wò ó ni àyà rẹ yóò máa já. Ìyẹn ni eré. Nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ràn lára wọn ni pé eré wọn ń parí. Apá mẹ́wàá, apá mọ́kànlá, ó tán, kí oníkálukú máa relé. Kì í ṣe bí àwọn tó kún orí tẹlifíṣọ̀n wa, tí ẹni tó lóyún lọ́dún èṣí kò tíì bí títí di ìsinsìnyí. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ìtìjú wọn. Ọmọkùnrin á fẹ́ràn ọmọbìnrin láti apá kìíní, yóò máa tẹrí ba fún un káàkiri, òjò á pa á, ọkọ̀ ojú irin á gbé ọmọbìnrin lọ, apá kẹwàá ni yóò tó là á mọ́lẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń kígbe mọ́ fóònù pé, "Sọ ọ́! Ṣé wọ́n fi àtè dí ọ lẹ́nu ni?" Morẹ́nikẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń dá mi lóhùn pé kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. A jọ máa ń wò wọ́n ni, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ní Odòde níbí. Ọyẹ́ tó kọjá yìí ló lọ. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń bú wọn.

Ìbùkún rò pé òun ló fi ará Japan mọ̀ mí. Mi ò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀ ni mo ti mọ̀ wọ́n, mo sì ti parọ́ mọ́ wọn, ní ọdún tí Alájì Ràímì gba ilé kòkó bàbá wa ṣe ilé sinimá. Ilé wa wà ní ẹsẹ̀ òkè gan-an, tó jẹ́ pé tí ènìyàn bá sín lẹ́yìnkùlé, àpáta á bá a sín in lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá wa, Akíngbàdé, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Agogo ọwọ́ rẹ̀ ló ń jí wa fún àdúrà ní ìdájí. Lẹ́yìn àdúrà, kòkó ló kàn. A ó tú u jáde sórí ẹní, gbogbo àwa ọmọdé á bọ́ sínú rẹ̀, a ó máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ, a ó máa wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, láti yí i padà nínú oòrùn, títí àtẹ́lẹsẹ̀ wa á fi pọ́n bí ẹyìn ọ̀pẹ. Òfin kan wà tí kò ní àwíjàre: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pé ojú ọ̀run ṣú lórí òkè, kí ó kígbe, "Kòkó o!" Ẹni tó ń jẹun á fi iyán sílẹ̀, ẹni tó ń wẹ̀ á sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú, àlejò tó jókòó sí pálọ̀ á dìde, gbogbo wa á sì kó kòkó wọlé. Bàbá ti pa àdúrà tì láàárín méjì nítorí kòkó rí. Ó ní, "Ọlọ́run á dúró dè wá. Òjò ni kò ní dúró."

Alájì Ràímì ń ta àtùpà àti aṣọ lẹ́bàá ọjà. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ náà ló lọ sí Èkó, tó ra ẹ̀rọ sinimá àlòkù àti fíìmù mẹ́rin lọ́wọ́ ọkùnrin kan létí òkun, tí ẹni yẹn búra fún un pé fíìmù Íńdíà ni. Ó gbé e délé, ó bá Bàbá sọ ọ́, Bàbá ní kí ó máa lo apá kan ilé kòkó lọ́sàn-án Sátidé, bí gbogbo ará ilé wa bá ti lè máa wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Alájì fi àpò kòkó dí ojú fèrèsé kí inú ilé lè ṣókùnkùn, ó na aṣọ funfun mọ́ ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé. Gbogbo wa jókòó sínú òórùn kòkó, a ń retí orin àti ijó. Ọkùnrin ará Japan kan jáde, ó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kan, ó jókòó sórí ẹní, ó ń mu nǹkan gbígbóná nínú ife tí kò lápá. Ó mu ún títí. Ìyá Dúpẹ́, ìyàwó kékeré bàbá wa, pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Alájì, nígbà wo ni yóò jó?" Alájì ní, "Ẹ ṣe sùúrù, inú ń bí i lọ́wọ́ ni." Ìgbà tí ọkùnrin náà mu ife kejì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ na Alájì. Òun náà ló kọ́kọ́ rí i pé wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn! Ta ló mọ ìwé níbí?" Àwọn tíṣà ìlú kì í wá, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní sinimá kò dára. Àgbẹ̀ àti aya àgbẹ̀ ló kún ibẹ̀. Bàbá wa bá na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Adétutù mi ń kàwé."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo wà ní ìwé mẹ́ta. Èmi ni ọmọ àkọ́kọ́ tí ilé wa rán lọ sílé ìwé, nítorí inú oko kòkó ni Morẹ́nikẹ́ ti lo ìgbà tirẹ̀, òun sì jù mí lọ ní ọdún mẹ́jọ. Bàbá ń fi ìwé mi yangàn káàkiri. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ "wá" àti "lọ" àti "bàbá" àti "ìrẹsì" ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kí n tó ka "bàbá" tán, ìlà mìíràn ti dé. Mo wo ẹ̀yìn, gbogbo ojú ń wò mí. Mo la ẹnu. Mo sọ fún wọn pé ewúrẹ́ ọkùnrin náà ló sọnù, òun ló ń rò lórí ife. Ara gbogbo wọn sì balẹ̀. Nígbà tó wá yọ idà, tó bẹ̀rẹ̀ sí bá ènìyàn bí mẹ́tàdínlógún jà lójú ọ̀nà, àwọn àgbẹ̀ ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé ewúrẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọ̀dọ́mọkùnrin onídà kan wà níbẹ̀ tí Ìyá Dúpẹ́ sọ di ọkọ. Tó bá ti jáde báyìí, obìnrin náà á dìde, á ní, "Ẹ wo itan! Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ mi o!" Bàbá wa yóò wúkọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fi ń wọn òṣèré wò títí dòní: ojú òṣèré tó dára gba ọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí o bá fi sí ẹnu rẹ̀, yóò dúró síbẹ̀. Onídà yẹn, mo fi ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ sí i lẹ́nu, ó dúró. Onírun-lójú ti ìsinsìnyí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gidi sí i lẹ́nu, ó ń já bọ́.

Ọdún kan náà yẹn ni Akínwándé ń ti ìlú Aládé wá sílé wa. Ó ń ra kòkó, ó ní alùpùpù, ó ní irunmú. Lójú tèmi nígbà náà, arúgbó ni. Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ti gbé iṣu àti epo wá fún Bàbá nítorí Morẹ́nikẹ́. Àbúrò Bàbá kan sì wà ní Àkúrẹ́, Ìyá Àkúrẹ́ là ń pè é, tó ń rán aṣọ, tó ti ń bẹ Bàbá pé kó fún òun ní Morẹ́nikẹ́ kó wá kọ́ṣẹ́. Bàbá kò tíì mọ èyí tí yóò ṣe. Ní ọjọ́ kan mo lọ pọnmi, mo bá Morẹ́nikẹ́ lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń sunkún, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìró nu ojú. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ Aládé ni. Lọ pọnmi rẹ." Ọ̀rọ̀ tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi bá parí rẹ̀ fún un nínú ara mi: wọ́n fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n mi fún onírunmú pẹ̀lú agídí. Kí n má purọ́ níbí náà, mo rò ó fún ara mi pẹ̀lú. Ẹní kan náà la jọ ń sùn sí. Òun ló ń di irun mi, òun ló ń fún mi ní awọ ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀. Tó bá lọ sí Àkúrẹ́, á máa wá lọ́dún Kérésì. Aya ènìyàn kì í padà wá di irun àbúrò.

Nínú fíìmù kẹta Alájì, bàbá kan wà tó ń ṣe agboòrùn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní, oníṣòwò ìrẹsì kan sì ń wá ọmọ náà. Ìyẹn kò gba ìwé, ojú ti rí i. Ó dé ibì kan, bàbá àti ọmọ jókòó kojú ara wọn. Ọmọ náà foríbalẹ̀. Bàbá rẹ̀ dákẹ́, ó dákẹ́, ó wá la ẹnu ní ìgbà mẹ́ta. Mi ò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ó ní: Ọmọ mi, mi ò ní fi ọ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ kò fẹ́. Ẹkún ọmọ ẹni kì í ṣe orin. Lọ bá àbúrò mi nílùú ńlá, kí o lọ kọ́ aṣọ rírán." Yèyé Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, tí kò lè ríran dáadáa ṣùgbọ́n tí nǹkan kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Adétutù, ẹnu rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀mẹta péré. Gbogbo èyí ló wà níbẹ̀?"

"Èdè wọn kún ni, Yèyé."

"Ó kún lóòótọ́. Ó tilẹ̀ kún dé Àkúrẹ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá wa kò rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó gé iyán, kò fi kan ọbẹ̀, ó ní, "Ọkùnrin alágboòrùn yẹn ní làákàyè." Ó tún wí i ní ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tó ń bi ìyá mi bóyá Ìyá Àkúrẹ́ ṣì ń wá ọmọ iṣẹ́. Mo jókòó sínú kòkó, mo ń fi ẹsẹ̀ yí i padà, mo ń kọrin. Mi ò mọ̀ pé òkìkí fíìmù náà ti dé Aládé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, gbogbo ènìyàn ní kí Alájì tún alágboòrùn fi hàn. A ti jókòó nígbà tí alùpùpù dún lójúde. Akínwándé wọlé, ó wọ dàńṣíkí funfun báláú, ó mú àbúrò rẹ̀ kan dání, tó wọ dígí ojú. Ó ní, "Bàbá, ẹ káàsán o. Wọ́n ní ará Japan ń gbani nímọ̀ràn níbí, mo ní kí èmi náà wá gbọ́. Àbúrò mi rèé, Ọlábọ̀dé, tíṣà ni ní ilé ìwé àwọn ọmọ ńlá." Inú Bàbá dùn. Ó ní, "Tíṣà! Ẹ bọ́ síwájú, ẹ wá bá ọmọ mi kà á. Ó ti ń dá a ṣe láti ọjọ́ yìí wá." Ìdí mi kò gbà mí jókòó mọ́. Mo gbàdúrà kí jẹnẹrétọ̀ kú. Mo gbàdúrà kí Tíṣà fọ́ dígí rẹ̀. Àdúrà kẹta ló gbà: bí bàbá àti ọmọ ṣe ń jókòó kojú ara wọn lára ògiri, ìyá mi pariwo láti ìta, "Kòkó o!"

Ilé sinimá tú. Alájì Ràímì pàápàá gbá ẹní mú. Akínwándé kò dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àna. Ó bọ́ bàtà sọ nù, ó di ẹ̀gbẹ́ kan ẹní ńlá mú, Morẹ́nikẹ́ di ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ń gbé kòkó wọlé, wọ́n ń padà. Òjò dé bá wọn lórí ẹní kẹrin. Aṣọ funfun náà lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó di àwọ̀ kòkó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo èyí ni mo rí, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń wò nígbà náà ni ojú òkè, bóyá òjò náà á lè rọ̀ di ọ̀la. Kò rọ̀ tó wákàtí kan. A padà wọlé, a rin gbingbin, Alájì tan ẹ̀rọ. Bàbá alágboòrùn la ẹnu ní ìgbà mẹ́ta. Tíṣà Ọlábọ̀dé nu dígí rẹ̀, ó kà á ketekete: "Mo ti fún wọn lésì. Ilé oníṣòwò ìrẹsì ni wàá lọ." Ó wá bojú wẹ̀yìn wò mí, ó ní, "Ṣé ohun tí ìwọ náà rí nìyẹn, ọmọ dáadáa?"

Bàbá wa ní, "Adétutù." Orúkọ mi nìkan ló pè. Mo ti kúnlẹ̀ kó tó pè é tán. Ìyá Dúpẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn náà, irọ́ ni?" Yèyé Àgbà ní kí wọ́n má dá òun dúró, kí Tíṣà ka èyí tó kù, pé òun fẹ́ mọ bí ọmọ náà ṣe dé ilé ọkọ. Tíṣà sì kà á títí dé òpin. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀, mi ò rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn orí Bàbá lọ. Orí náà kò mì.

Ìjìyà tó fún mi ni kí n máa ṣa kòkó tó bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dára, àpò lẹ́yìn àpò. Ó ní, "Ẹni tó lè da irọ́ pọ̀ mọ́ òótọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n." Ibi tí mo ti ń ṣà á ní àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo ti rí Bàbá tó pe Morẹ́nikẹ́ sí yàrá. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi jáde. Ó gba iwájú mi kọjá, kò wò mí, ó lọ sídìí ọlọ, ó ń lọ ata. Lọ́sẹ̀ náà, Bàbá fúnra rẹ̀ di iṣu àti epo, ó gbé e padà sí Aládé. Nígbà tí oṣù yẹn ń parí, Morẹ́nikẹ́ lọ sí Àkúrẹ́. Mo rò pé mo borí. Àní lẹ́yìn tí mo dàgbà, tí ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Odòde, tó ti ń rán aṣọ ilé ìwé gbogbo ọmọ àdúgbò, tó ti fẹ́ Bọ̀dúndé tó ń wa lọ́rì, tó ti sin ín, mo ṣì máa ń sọ ọ́ níbi tí a bá ti jókòó pé, "Ẹ wò ó, ará Japan ni mo fi gba ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ onírunmú." Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Òun náà a máa rẹ́rìn-ín.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ara rẹ̀ kò le mọ́, mo gbé e jáde sínú oòrùn ọ̀sán, a ń wo ọmọ oníbúrẹ́dì. Ó ku apá kan kó parí. Morẹ́nikẹ́ ní kí Ìbùkún pa á ná. Ó ní, "Adétutù, Bàbá bi mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn pé, ṣé mo fẹ́ Akínwándé."

Mo ní, "O sì sọ fún un pé o ò fẹ́."

"Ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé òun máa yọ ọ́ kúrò nílé ìwé. Ó ní ìwé ló kọ́ ọ nírọ́, ìwé ló dójú ti òun lójú àlejò. Ló bá di dandan kí n sọ pé èmi ni mo rán ọ. Pé èmi ni mi ò fẹ́ ẹ, pé mi ò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo ní kí o bá mi fi sẹ́nu òyìnbó yẹn."

"Ṣùgbọ́n o ò rán mi."

"Mi ò rán ọ."

"Mo rí ọ tí ò ń sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná."

"Bàbá ní kí Akínwándé dúró di ìgbà kòkó mìíràn ni mo ṣe ń sunkún. Mi ò fẹ́ dúró." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ṣé o wo èjìká ọkùnrin yẹn nínú òjò?"

Ìbùkún ń wo ilẹ̀. Morẹ́nikẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń ti inú ikùn rẹ̀ tó ti gbẹ jáde wá. Ó gbá mi létí pẹ́pẹ́, bó ṣe máa ń gbá mi tó bá ń di irun mi. Ó ní, "Odidi Akínwándé ni mo fi ra ìwé fún ọ. Odidi ọkùnrin! O kà á dé ìwé márùn-ún, o ní orí ń fọ́ ọ!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, mo lọ bu omi fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tó fi lọ. Ìbùkún ti sọ pé kí n máa pe ọ̀rọ̀ yìí, kí òun máa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, pé yóò yá ju èyí lọ. Mo ní rárá. Mo ra bírò àti ìwé ìkọ̀wé, mo ń kọ ọ́ fúnra mi, ìlà kan lóòjọ́, bí ojú bá ṣe gbà. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ṣì kọ, èmi ni mi ò kà dé ìwé mẹ́fà. Ẹni tó rà á fún mi kò jẹ̀bi.